Ọ̀kẹ́ Kan: Ẹgbàáwàá nínú Ìtàn Òǹkà Yorùbá àti nínú Iṣẹ́ Àwọn Onímọ̀ Ilé-Ifẹ̀

Bí oníròyìn orí rédíò bá sọ pé ìjọba ya àádọ́ta ọ̀kẹ́ náírà sọ́tọ̀ fún títún ọ̀nà kan ṣe, mílíọ̀nù kan náírà ni olùgbọ́ ń rò lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí, nítorí pé 20,000 lọ́nà 50 jẹ́ 1,000,000 gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnu oníròyìn náà sọ kì í ṣe mílíọ̀nù. Àádọ́ta àpò ni ó dárúkọ, àpò tí owó ẹyọ ẹgbàáwàá wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Owó ẹyọ ti kúrò lọ́jà. West African Currency Board, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní ọdún 1912, ti ná owó tirẹ̀ kọjá; náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973. Àpò ni kò kúrò lẹ́nu.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń tọ̀ lẹ́yìn ni ìtàn iye kan ṣoṣo yìí, 20,000: bí ó ṣe ti ara owó jáde, irú nọ́ńbà tí ó jẹ́, àti ohun tí àwọn onímọ̀, pàápàá àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀, rí tàbí tí wọn kò rí nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti àtijọ́ nìkan. Ìdájọ́ tí a bá ṣe lórí irú òǹkà tí Yorùbá ní ni a fi ń pinnu bóyá ó yẹ kí ọmọ ilé-ìwé kọ́ ọ tàbí kí a pa á tì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó sì ti dá ẹjọ́ náà ni kò yẹ àpò wò kí wọ́n tó dá a.

Láti inú okùn dé inú àpò

Ọ̀nà tí a ń gbà ka owó ẹyọ nílẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún hàn kedere. Ogójì ẹyọ ni a ń sin sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá kan, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, tí í ṣe ẹrù tí aláàárù kan lè gbé sórí. 40 lọ́nà 50 lọ́nà 10: ibẹ̀ ni 20,000 ti wá. Samuel Johnson, tí a tẹ ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní ọdún 1921, fi òǹkà sí iwájú ìwé náà, ó sì jẹ́ kí ó yé òǹkàwé pé àpò owó ẹyọ ni ọ̀kẹ́. Yorùbá tún ń pe ọmọ tí a bí tòun ti àpò tí ó wà nínú rẹ̀, tí kò bẹ́, ní Ọ̀kẹ́. Ohun tí a dì, tí ẹnu rẹ̀ pa dé, ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí ní ọ̀nà méjèèjì.

Adolphus Mann, míṣọ́nnárì ará Jámánì tí ó ṣiṣẹ́ fún ìjọ CMS ní Ìjàyè, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí òǹkà Yorùbá tí a tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1887. Òun ni ó fi bí iṣẹ́ náà ṣe rí sílẹ̀ fún wa. A ó da àpò ẹyọ sílẹ̀. Ẹni tí yóò kà á yóò jókòó tàbí kúnlẹ̀ tì í. Yóò máa fa ẹyọ márùn-ún márùn-ún sọ́dọ̀, yóò sì máa ka iye ìgbà tí ó fà á láìsọ̀rọ̀ sókè. Bí ó bá fà á nígbà ogún, ọgọ́rùn-ún pé. Yóò ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, yóò gbá òkìtì méjèèjì pọ̀, ó di igba. Igba yìí ni yóò wá máa kó jọ. Kò sí ìwé, kò sí òǹtẹ̀ kankan lórí ilẹ̀ àfi òkìtì. Ẹni tí ó bá ti rí èyí lójú inú kò ní bi ìdí tí òǹkà Yorùbá fi ní orúkọ pàtàkì fún 20 àti 200, tí ó sì ń fi wọ́n kọ́ èyí tí ó kù.

Kí a má sì gbàgbé ohun tí a fi àpò wọ̀nyí rà. Èso àti aṣọ wà níbẹ̀, ènìyàn náà wà níbẹ̀. Ẹyọ tí ọkọ̀ òkun kó wá láti erékùṣù Maldives bá òwò ẹrú rìn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Samuel Àjàyí Crowther, tí ìwé rẹ̀ ti ọdún 1843 àti ti 1852 wà lára àwọn ìwé àkọ́kọ́ tí ó tò ọ̀rọ̀ Yorùbá, jẹ́ ẹni tí a kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, tí a sì fi ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Ọwọ́ ẹni tí a ti dá iye lé lórí rí ni ó gbé èdè náà, àti òǹkà inú rẹ̀, sínú ìwé.

Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò ará Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí kó irú ẹyọ mìíràn wá láti etíkun Zanzibar, èyí tí ó tóbi ju ti ìṣáájú lọ. Ẹyọ pọ̀ lọ́jà, iyì rẹ̀ já. Àpò tí ó lè ra ohun ńlá tẹ́lẹ̀ di èyí tí kò lè rà á mọ́. Síbẹ̀ ẹgbàáwàá ni ó wà nínú rẹ̀. Ibí ni ọ̀kẹ́ ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí yà kúrò lára owó: iyì ń yí, iye kò yí. Nígbà tí ẹyọ kú pátápátá, iye nìkan ni ó ṣẹ́kù.

Irú nọ́ńbà tí ọ̀kẹ́ jẹ́

Àwọn onímọ̀ ìṣirò máa ń fi àwọn nọ́ńbà tí ó bí nọ́ńbà kan mọ irú ẹni tí ó jẹ́. Bí a bá tú 20,000 palẹ̀ títí kò fi ṣe é tú mọ́, 2 márùn-ún àti 5 mẹ́rin ni a óò bá níbẹ̀: 2 × 2 × 2 × 2 × 2 × 5 × 5 × 5 × 5. Kò sí 3 nínú rẹ̀, kò sí 7. Ọgbọ̀n iye ni ó lè pín in láìṣẹ́ ohunkóhun kù, bí a bá ka 1 àti òun fúnra rẹ̀ mọ́ wọn.

Fún oníṣòwò, èyí kì í ṣe àròjinlẹ̀ lásán. A lè dá àpò sí méjì, ó di ẹgbàárùn-ún. Dá a sí méjì, ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta. Dá a sí méjì sí i, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀tàlá, 2,500. Lẹ́yìn èyí ni ẹgbẹ̀fà ó lé àádọ́ta, lẹ́yìn náà ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, 625, níbi tí dídá sí méjì ti parí. Ìgbà márùn-ún ni a dá a, nítorí pé 2 márùn-ún ni ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn mẹ́ta bá fẹ́ pín àpò kan, ẹgbàáta ó lé ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́rìndínláàádọ́rin ni yóò kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹyọ méjì yóò sì ṣẹ́kù sílẹ̀ láìní olówó. Bí wọ́n bá jẹ́ méje, ẹyọ kan ni yóò ṣẹ́kù.

Ohun tí ó wuni jù ni bí ọ̀kẹ́ ṣe bá àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ tan. Àtẹ̀gùn òǹkà náà ni ogún, igba, ẹgbàá, ọ̀kẹ́: 20, 200, 2,000, 20,000. Ní gbogbo ìgbà tí a bá gun ìpele kan, 2 kan àti 5 kan ni ó ń wọlé sí i. Iye tí ó lè pín ogún láìṣẹ́kù jẹ́ 6. Ti igba jẹ́ 12. Ti ẹgbàá jẹ́ 20. Ti ọ̀kẹ́ jẹ́ 30. Ìyẹn ni 2 lọ́nà 3, 3 lọ́nà 4, 4 lọ́nà 5, 5 lọ́nà 6. Kò sí ẹni tí ó jókòó ṣètò èyí. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni bí a bá ń fi ẹ̀wá gun àtẹ̀gùn tí a fi ogún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fífi ẹ̀wá gùn yìí sì ni ọ̀pọ̀ ìwé kò fi ara balẹ̀ wò. Levi Leonard Conant, ará Amẹ́ríkà tí ó kọ ìwé lórí ìpilẹ̀ṣẹ̀ nọ́ńbà ní ọdún 1896, rí òǹkà Yorùbá bí ohun àràmàǹdà. Láti ìgbà náà, òǹkà ológún-ogún ni a ń pè é, títí dé orí àkọlé iṣẹ́ S. A. Ẹkúndayọ̀ ti ọdún 1977. Orúkọ náà kò ṣàìní ìdí: láti 20 títí dé 200, ogún ni gbogbo nǹkan dá lé. Ṣùgbọ́n òǹkà tí ó bá jẹ́ ti ogún délẹ̀, 20, 400, 8,000 àti 160,000 ni yóò jẹ́ ìpele rẹ̀. Ní ti Yorùbá, 400 ní orúkọ tirẹ̀ lóòótọ́, irinwó, ṣùgbọ́n a kì í fi irinwó ka nǹkan. Kò sí irinwó méjì, irinwó mẹ́ta. 8,000 kò tilẹ̀ ní orúkọ àdáni. Ẹgbàá mẹ́rin ni, ẹgbàárin. Igba ni a fi ń kà lẹ́yìn 200, ẹgbàá ni a fi ń kà lẹ́yìn 2,000. Ogún ni ìdí àtẹ̀gùn, ẹ̀wá ni àlàfo àárín ìpele. Àkàbà owó ni, a sì gbọ́dọ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Yíyọ kúrò náà tẹ̀lé àtẹ̀gùn yìí. 50 jẹ́ 60 tí a yọ 10 kúrò nínú rẹ̀. 500 jẹ́ 600 tí a yọ 100 kúrò. 5,000 jẹ́ 6,000 tí a yọ 1,000 kúrò. Ìdajì ìpele tí a wà ni a ń yọ ní gbogbo ìgbà. Àádọ́ta, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta: ẹni tí ó bá mọ ọ̀kan ti mọ bí a ṣe bí èkejì. Armstrong, tí ó kọ ìwé kékeré kan lórí òǹkà yìí ní ọdún 1962, yin irú ọgbọ́n inú rẹ̀, Hurford sì ya orí kan sọ́tọ̀ fún un nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1975.

Nọ́ńbà kan nínú Bíbélì

Ibi tí ọ̀kẹ́ ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ jù nínú ìwé kíkọ ni Bíbélì Yorùbá, pàápàá Ìwé Numeri, níbi tí a ti ka àwọn ọmọ Ísírẹ́lì. Apapọ̀ wọn jẹ́ 603,550. Àwọn atúmọ̀ kò yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọgbọ̀n ọ̀kẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ kà, 600,000; wọ́n fi ẹgbèjìdínlógún lé e, ìyẹn igba méjìdínlógún, 3,600; wọ́n wá yọ àádọ́ta kúrò. 600,000 àti 3,600, dín 50: 603,550.

Àwọn kan yóò ní ọ̀nà jíjìn ni wọ́n gbà. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí orúkọ náà gbé lọ́wọ́. Ọ̀kẹ́ ṣe é fi àádọ́ta pín, igba náà ṣe é fi àádọ́ta pín, ohun tí a sì yọ kúrò jẹ́ àádọ́ta. Nítorí náà, kí a tó fi kálàmù kan ìwé, etí ti gbọ́ pé àádọ́ta pín nọ́ńbà yìí láìṣẹ́kù. Etí ti gbọ́ bákan náà pé ọgọ́rùn-ún kò lè pín in, nítorí pé àádọ́ta kan ṣoṣo ni ó dá dúró ní ìkẹyìn. Bí a bá wá pín in, 12,071 ni a óò rí, nọ́ńbà yìí sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí kò sí ohun tí ó lè pín wọn láìṣẹ́kù àfi 1 àti àwọn fúnra wọn. Ìyẹn ni orúkọ kò lè sọ fún wa. Ìṣirò gbọ́dọ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí 2 àti 5 ní í ṣe nínú 603,550, orúkọ rẹ̀ ní èdè Yorùbá ti sọ ọ́ tán.

Ó yẹ ní àkíyèsí pé wọn kò lo ọ̀kẹ́ níbi gbogbo. Fún ẹ̀yà Rúbẹ́nì, 46,500, ẹgbàá mẹ́tàlélógún ni wọ́n kà kí wọ́n tó fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lé e, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ìbá ti ní ọ̀kẹ́ méjì ó lé ẹgbàáta ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Nọ́ńbà kan lè ní orúkọ méjì tàbí mẹ́ta tí gbogbo wọn tọ̀nà, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ni yóò sì yan èyí tí ó bá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mu. Ẹ wo 19,950. Ẹnì kan lè ní ọ̀kẹ́ kan ó dín àádọ́ta, kí ó sì dákẹ́. Ẹlòmíràn lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáwàá, kí ó fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún lé e, kí ó tún fi àádọ́ta lé e.

Ilé-Ifẹ̀: yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀rọ

Àpẹẹrẹ 19,950 yìí náà ni ó fi ìṣòro tòótọ́ hàn. Ọmọ tí ó bá kọ 1, 9, 9, 5, 0 sórí pátákó, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí yóò gbọ́ nínú "ọ̀kẹ́ kan ó dín àádọ́ta" bí a ṣe kọ ọ́. Ìṣirò orí ìwé, níbi tí ẹyọ ti ń to sábẹ́ ẹyọ, tí ẹ̀wá ń to sábẹ́ ẹ̀wá, kò bá orúkọ wọ̀nyí rìn. Àwọn tí wọ́n fi ìfẹ́ èdè sọ pé ìṣòro kankan kò sí níbẹ̀ kò ṣe olùkọ́ ní oore.

Yunifásítì Ifẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ fún odindi ọdún mẹ́fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation. Èdè Yorùbá ni a fi kọ́ ẹgbẹ́ kan ní gbogbo iṣẹ́, títí kan ìṣirò, láti ọdún kìíní dé ìkẹfà, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Ẹgbẹ́ kejì fi Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí wọ́n fi Yorùbá parí kò rẹ̀yìn. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ. Fún ìtàn òǹkà, ohun tí ó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni pé ìṣirò ilé-ìwé ṣe é ṣe ní èdè Yorùbá títí dé ìwé kẹfà. Ẹni tí ó bá ṣì ń sọ pé òǹkà náà kò jẹ́ kí ọmọ Yorùbá mọ ìṣirò ní láti dá Modákẹ́kẹ́ lóhùn.

Lẹ́yìn èyí ni Helen Verran dé Ifẹ̀ láti Ọsirélíà, tí ó ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní yunifásítì náà ní àwọn ọdún 1980. Ìdúró rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé ayé nọ́ńbà Yorùbá àti ayé nọ́ńbà Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀ síra pátápátá. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 2001, ó padà wá yẹ ìdúró yìí wò, ó sì ta kò ó, nítorí pé àwọn olùkọ́ tí ó ń wò nínú kíláàsì ń lo méjèèjì pọ̀, wọ́n ń bọ́ sínú èyí, wọ́n ń bọ́ sínú èyí, láìdúró ṣàlàyé. Àkíyèsí yìí lágbára ju ìdúró àkọ́kọ́ lọ. Ọjà pẹ̀lú ń ṣe bẹ́ẹ̀: "mílíọ̀nù kan" àti "àádọ́ta ọ̀kẹ́" lè jáde lẹ́nu oníṣòwò kan náà láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ní ọdún 2014, Olúgbénga Akinadé àti Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí, ti ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú Journal of Language Modelling lórí bí ẹ̀rọ yóò ṣe sọ nọ́ńbà tí a fi dígíìtì kọ di orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá. Ẹ̀rọ kò ní ẹyọ níwájú, kò sì mọ ohun tí ọjà ń fẹ́. Ìlànà ni ó gbọ́dọ̀ fi mọ ìgbà tí yóò fi kún àti ìgbà tí yóò yọ kúrò. Pé a lè kọ irú ìlànà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ ti tó láti pa ẹnu àwọn tí wọ́n ń pe òǹkà náà ní rúdurùdu mọ́.

Ní Ifẹ̀ kan náà, ìdílé nọ́ńbà mìíràn wà tí a kò gbọ́dọ̀ dà pọ̀ mọ́ ti owó. Odù Ifá jẹ́ 256, igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, 16 lọ́nà 16. Bí a bá tú u palẹ̀, 2 mẹ́jọ ni, kò sí 5 kankan níbẹ̀; ìdí nìyí tí Olú Longe fi rí okùn láti so ó mọ́ kọ̀ǹpútà nínú àkànṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1983. Ọ̀kẹ́ kan ṣe é fi 16 pín, 1,250 ni yóò kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò ṣe é fi 256 pín. 32 yóò ṣẹ́kù. Síbẹ̀ àwọn méjèèjì ń pàdé lẹ́nu babaláwo, nítorí pé òǹkà owó ni ẹsẹ Ifá fi ń dárúkọ iye ẹbọ: ẹgbàá, ẹgbọ̀kànlá, ẹgbẹ̀ẹ́dógún. Ifá pa òǹkà owó mọ́ ju ọjà lọ.

Ó ku ibi tí àtẹ̀gùn náà dópin sí. Lókè ọ̀kẹ́, kò sí ìpele mìíràn. 200,000, tí ìbá jẹ́ ìpele tí ó kàn, kò ní orúkọ ju ọ̀kẹ́ mẹ́wàá lọ, bí ohun tí a kà bá sì ti ju bẹ́ẹ̀ lọ gan-an, ẹnu a máa sá sínú ọ̀kẹ́ àìmọye. Mílíọ̀nù ṣì ṣe é gbà wọlé, nítorí pé àádọ́ta kò wúwo. Bílíọ̀nù ni kò ṣe é gbà. 1,000,000,000 jẹ́ 50,000 ọ̀kẹ́, 50,000 fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kẹ́ méjì ààbọ̀, tí ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ọ́ yóò fi ní láti ka ọ̀kẹ́ pẹ̀lú ọ̀kẹ́. Kì í ṣe pé bílíọ̀nù jẹ́ àjèjì sí ìdílé náà. 2 mẹ́sàn-án àti 5 mẹ́sàn-án ni ó bí i, kò sí 3, kò sí 7. Ṣùgbọ́n kò sí ọjà owó ẹyọ kankan tí ó tóbi tó láti nílò àpò àwọn àpò, nítorí náà kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ. Bílíọ̀nù ni ìwé ìròyìn ń kọ.